Fìlà Lójú, Sòbìà Lẹ́sẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí mo ṣe ń wo fíìmù ẹlẹ́rù, kó yà sílé mi lọ́sàn-án Sátidé. Orí àga onígi ni mo máa ń jókòó sí, lẹ́yìn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Màá fa fìlà mi wálẹ̀ títí á fi kan ìpéǹpéjú. Bí nǹkan burúkú bá ti fẹ́ ṣẹlẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà tó gbé sórí tábìlì, màá fà á dé imú. Láti abẹ́ fìlà yẹn ni màá ti máa béèrè pé, "Ó ti kọjá?"

Ọmọ náà á ní, "Ó ku díẹ̀."

"Ó ti kọjá?"

"Ó ti kọjá, bàbá kékeré."

Nígbà náà ni màá gbé fìlà sókè. Ìgbà mìíràn wà tí kò tíì kọjá rárá, tó kàn fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, màá sì bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fa nǹkan jáde létí ènìyàn. Màá ké. Ìyàwó mi tó ń bó ẹ̀gúsí ní ẹ̀yìnkùlé á dáhùn pé, "Ẹ kú ìgbádùn o, bàbá àwọn ọmọ."

Ẹni tó ti ní ọmọ-ọmọ ni mí o. Àgbẹ̀ ni mí, mo ti fi àdá pa paramọ́lẹ̀ lóko, mo ti bá wọn gbẹ́ sàréè ẹni tí mo mọ̀ dáadáa. Kọ̀ǹpútà tí kò fẹ̀ tó àwo tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ fún àlejò ló wá ń lé mi wọ abẹ́ fìlà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni ọmọbìnrin yìí. Ó wà nílé-ẹ̀kọ́ gíga ní Èrúwà, àwọn òbí rẹ̀ sì wà ní Ìbàdàn, nítorí náà ọ̀dọ̀ wa ní Igbó-Ọrà ló máa ń gun ọ̀kadà wá bí ọ̀sẹ̀ bá parí. Ó máa ń kó aṣọ ìdọ̀tí wá fún ìyàwó mi, á sì kó fíìmù wá fún mi. Gbogbo fíìmù ẹlẹ́rù kọ́ ló fẹ́ràn. Kò ka iwin sí, bẹ́ẹ̀ ni òkú tó jí dìde kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Èyí tó ń wá kiri ni èyí tí ara ènìyàn ti ń yí padà mọ́ olúwarẹ̀ lọ́wọ́: awọ á máa wú, eyín á máa bọ́ sínú àwo ọbẹ̀, nǹkan á máa rìn lábẹ́ ẹran ara bí eku lábẹ́ ẹní.

Ó ní, "Èèyàn lè sá fún iwin. Ara yín ńkọ́? Ibo lẹ fẹ́ sá gbà?"

Mo ní, "Kí ló wá dùn nínú ẹ̀?"

"Bó bá parí báyìí, màá wo ọwọ́ mi, á pé."

"Ṣé kò pé kó o tó bẹ̀rẹ̀ ni?"

"Ó pé. Mi ò kàn wò ó nígbà yẹn ni."

Mo fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sóko lọ́jọ́ kejì, mo ń rò ó bí mo ṣe ń kọ ebè. Bóyá ohun tó ń mú èmi náà jókòó síbẹ̀ nìyẹn. Ó sì lè jẹ́ nítorí pé ilé máa ń kún tó bá wá. Òmíràn tún ni pé ẹ̀rù inú kọ̀ǹpútà ní sùúrù. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n mí, mo lè ní kó dá a dúró, ẹ̀rù náà á sì dúró síbẹ̀, á la ẹnu sílẹ̀, títí màá fi tọ̀ dé. Mi ò tíì rí ẹ̀rù mìíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn.

Àmọ́ ṣá, gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Bí ó bá ti pọ̀ jù, ó ti bàjẹ́. Èyí tí orí ọkùnrin kan là sí mẹ́rin, tí ẹ̀jẹ̀ ń tú bí ìgbà tí agbè sóbò fọ́, ebi ni ìyẹn dá sí mi lára, mo dìde lọ po gààrí. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo èyí tí a ti wò, ẹ̀jẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá.

Fíìmù kan ni, nípa ọkùnrin kan tó lọ wẹ̀ nínú adágún odò ní ìlú òyìnbó. Nígbà tó yá, ó ń jẹun pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, nǹkan kan mira lábẹ́ awọ ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Kékeré ni. Ó mira, ó sì dákẹ́. Ọkùnrin náà wò ó, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó sì rọra fa ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀ bò ó. Ìyàwó ní kí ló dé, ó ní kò sí. Ó ń jẹun lọ.

Fìlà mi wà lókè. Kò sí ẹni tó kìlọ̀ fún mi, nítorí kò sí ohun tí ènìyàn lè pè ní burúkú níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti mú mi. Ẹni tó ṣe fíìmù yẹn mọ ìtìjú. Ó mọ̀ pé bí ara ènìyàn bá fẹ́ dalẹ̀ rẹ̀, ohun tí ènìyàn máa kọ́kọ́ ṣe ni pé kó bò ó. Mo rántí pé mo rẹ́rìn-ín èké, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í họ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mi òsì, lókè ọrùn ẹsẹ̀, níbi tó ti ń yún mi láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn. Ọwọ́ mi bá kókó kan níbẹ̀. Ó le bí èkùrọ́, ó sì gbóná.

Mo fa ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi wálẹ̀ bò ó.

Ọmọ náà ní, "Bàbá kékeré, kí ló dé?"

Mo ní, "Kò sí."

Mo fa fìlà dé àgbọ̀n, mi ò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú fíìmù náà mọ́ títí tó fi parí.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí lẹ́yìn tí ẹ̀rọ omi ti dé lè má mọ sòbìà. Aràn ni. Ó funfun, ó gùn bí okùn ìránṣọ tó nípọn. Omi adágún ni a fi ń mu ún nígbà tó kéré débi pé ojú kò rí i, á wá gbé inú ara ènìyàn fún bí ọdún kan, á dàgbà níbẹ̀ láìsanwó ilé. Nígbà tó bá wù ú, á rin wá sí ẹsẹ̀, ibẹ̀ á wú, á máa jó ènìyàn bí iná, awọ á là, sòbìà á sì yọ orí síta. Ní Ìbàràpá wa, kò sí agboolé tí kò mọ̀ ọ́n. Ìgbà iṣẹ́ oko gan-an ló máa ń dá ènìyàn wó.

Ti ìyá mi, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ló ti yọ, lókè ọrùn ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ òsì. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè rí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dáadáa. Ní ọ̀sán, á da ojú bolẹ̀ lórí ẹní lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, á pè mí. Wọ́n ti fi òwú so orí sòbìà náà mọ́ igi tín-ínrín kan bí èyí tí wọ́n fi ń ta eyín. Ìyá mi á ká ẹsẹ̀ sókè, á na ọwọ́ sẹ́yìn, á máa yí igi náà díẹ̀díẹ̀, sòbìà á sì máa wé mọ́ ọn. Èmi ni màá jókòó sídìí ẹsẹ̀, tí màá máa wò ó. Ojú mi ni ìyá mi fi ń rí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Á ní, "Ó ń bọ̀?"

Màá ní, "Ó ń bọ̀, Ìyá."

"Ó ti le?"

"Ó ti ń le. Ẹ dúró."

Á dúró. Bí ènìyàn bá fà á nígbà tó ti le, á já, èyí tó kù á padà wọ inú, ẹsẹ̀ á sì bàjẹ́ pátápátá. Bàbá kan wà ládùúgbò wa tí tirẹ̀ já. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ká kò, ọ̀pá ló fi rìn títí tó fi kú. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbọdọ̀ di ojú. Mi ò gbọdọ̀ wo adìẹ tó ń kọjá. Òórùn rẹ̀ ń bọ̀ wá sí mi nímú, ó ń tàn lójú oòrùn, ó ń yọ́ jáde lára ìyá mi bí ẹni pé òun ló ni ilé. Mo sì ń wò ó.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ìyàwó mi pé kì í ṣe pé ojú mi kò gba nǹkan. Ó ti gbà á rí, ó kún.

Lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera dé. Wọ́n fún wa ní aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, wọ́n ya àwòrán ẹsẹ̀ ràgàjì kan sára ògiri ilé-ìwé, wọ́n gbẹ́ ẹ̀rọ omi. Díẹ̀díẹ̀, sòbìà lọ. Nígbà tó yá, wọ́n kéde pé ó ti tán ní gbogbo Nàìjíríà. Àwọn ọmọ wa dàgbà láìmọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ wá wo èmi, lórí àga onígi, tí kókó wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ mi òsì, lókè ọrùn ẹsẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ara mi. Níbo ni mo ti mu omi burúkú? Mo rántí. Ọdún tó kọjá, nígbà ọyẹ́, omi tán nínú kẹ́ẹ̀gì mi ní oko tó wà lọ́nà Tápà, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi nínú kòtò odò kan mu. Àtẹ́lẹwọ́ kan péré. Ọdún kan gẹ́lẹ́ ni.

Ohun tó bà mí lẹ́rù pín sí ọ̀nà méjì, mi ò sì mọ èyí tó wúwo jù. Èkíní ni ẹsẹ̀ mi. Ẹsẹ̀ ni àgbẹ̀ fi ń jẹun, mo sì ń rí bàbá àdúgbò wa tí sòbìà rẹ̀ já lójú mi, ẹni tó ń tẹ ọ̀pá kó kó kó. Èkejì ni pé bí sòbìà bá tún bẹ̀rẹ̀, ara mi ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo rí i kedere: mọ́tò ìjọba á ti Àbújá wá, àwọn òyìnbó á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á ya ẹsẹ̀ mi ní fọ́tò, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé-ìwé dípò èyí tó ti ṣí. Ní mọ́ṣáláṣí, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ ṣe àlùwàlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Igbó-Ọrà tí gbogbo ayé mọ̀ sí ìlú ìbejì, èmi nìkan ni màá sọ ọ́ padà di ìlú sòbìà.

Nítorí náà mi ò lọ sí ilé ìwòsàn. Ohun tí àwọn àgbà wa máa ń ṣe ni mo ṣe. Sòbìà fẹ́ràn omi. Bí ẹsẹ̀ bá pẹ́ nínú omi, á yọ orí. Bí mo bá ti kírun Àsárì tán, màá pọn omi sínú báàfù, màá lọ jókòó sẹ́yìn balùwẹ̀, màá ki ẹsẹ̀ òsì bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà màá da ojú bolẹ̀ lórí àpò sìmẹ́ńtì, màá gbé dígí ìyàwó mi sí àárín ẹsẹ̀ méjèèjì, màá yí ọrùn bí àgùntàn tí wọ́n fẹ́ pa, màá máa wá orí funfun.

Ìyàwó mi ní, "Kí lẹ ń fi báàfù omi ṣe lójoojúmọ́?"

"Mò ń tu ara."

"Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lẹ fi ń tura?"

Mo nawọ́ mú dígí rẹ̀. Ó ní kí n má fọ́ dígí òun.

Ẹ̀rù yẹn kò ní ibi tí wọ́n ti ń dá a dúró. Bí mo bá ń roko, màá dédé gbé ọkọ́ sílẹ̀, nítorí ó dà bíi pé nǹkan gbéra lábẹ́ awọ, ó rìn díẹ̀, ó sì jókòó. Bí ìmáàmù bá ń ṣe wáàsí, màá máa tẹ́tí sí ẹsẹ̀ mi. Mo ń bá a sọ̀rọ̀. Mo ní kó yọ tó bá fẹ́ yọ, kó má fi mí ṣẹ̀sín. Kókó náà di bíi àsálà, ó pọ́n, ó ń dán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Ibà ń ṣe mí, mo ní oòrùn ni.

Sátidé kan ni ọmọ náà wá mi dé ẹ̀yìn balùwẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ kí n tó rí i: "Bàbá kékeré, ẹ wá o, mo ti rí òmíì. Eléyìí máa pa yín." Ó yọ sí mi. Mo wà lórí ikùn, dígí wà láàárín ẹsẹ̀ mi, ṣòkòtò wà ní orúnkún.

Ó ní, "Kí lẹ ń wò?"

"Ẹsẹ̀ mi."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wò ó fìrí, ó sì yíjú sí ara ògiri kíákíá. Mo rí i nínú dígí. Mo rò pé òórùn balùwẹ̀ ni.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: adágún, ìyá mi, igi tín-ínrín, àtẹ́lẹwọ́ omi ọ̀nà Tápà. Ó fi ojú sí ara ògiri gbọ́ ọ tán.

Ó ní, "Ẹ wá ń dúró dè é kó yọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bíi ti ọkùnrin inú fíìmù yẹn. Èyí tó fa ọwọ́ ẹ̀wù bò ó."

Mo ní, "Ìyẹn gan-an. Kí ló padà ṣe é?"

Ó yíjú sí mi. "Ẹ ò wò ó parí ni?"

"Abẹ́ fìlà ni mo wà."

Ó ní, "Ó kú, bàbá kékeré. Kò fi han ẹnikẹ́ni, ó sì kú."

Ẹ̀gbọ́n mi bí ọmọ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀sọ̀ sọ̀rọ̀. Mo sọ ṣòkòtò kalẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, kò padà sí Èrúwà. Ọ̀kadà kan náà ló gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn, èmi láàárín, òun lẹ́yìn, tó di èjìká mi mú bí ẹni pé mo fẹ́ sá. Mo sì fẹ́ sá. Nọ́ọ̀sì tó dá wa lóhùn jẹ́ obìnrin tó ti dàgbà díẹ̀, tí ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní kí n da ojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó tẹ ẹsẹ̀ náà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò.

"Kí lẹ fi ṣe é nílé?"

"Omi."

"Omi kí ni?"

"Omi lásán, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì. Kó lè yọ orí." Mo rẹ ohùn sílẹ̀, nítorí àwọn ènìyàn wà lẹ́nu ọ̀nà. "Mo rò pé sòbìà ni."

Mo ń retí kó bú sẹ́rìn-ín, tàbí kó ké pe àwọn ará Àbújá. Kò ṣe èyíkéyìí. Ó ní, "Ìyá tó bí ìyá mi, méjì ló yọ lẹ́sẹ̀ wọn. Ẹ jẹ́ ká wò ó ná. Ohunkóhun tó bá jẹ́, màá là á, kò lè máa gbé ibẹ̀."

Ó gún mi lábẹ́rẹ́ níbẹ̀. Ó ní tí mo bá gbọ́ nǹkan, kí n má mira.

Ọmọ náà jókòó sórí ìjókòó kékeré níwájú mi, ó di ọwọ́ mi mú. Mo fa fìlà dé àgbọ̀n. Òkùnkùn abẹ́ fìlà, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ yàrá rẹ̀. Ó ń run òógùn àti òróró ìpara. Mo gbọ́ tí irin kan irin. Mo gbọ́ tí nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. Nǹkan fà lẹ́yìn ẹsẹ̀ mi, kò dùn mí, ó kàn ń fà ni, bí ẹni ń fa okùn jáde láti ibi jíjìn.

Mo ní, "Ó ti kọjá?"

Ọmọ náà kò dáhùn.

"Ó ti kọjá?"

Kò dáhùn. Ọwọ́ rẹ̀ fún tèmi pinpin, èékánná rẹ̀ wọ mí lára. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ó ti rí i. Ó ti rí i tó ń jáde, funfun, tó ń dán, kò sì mọ bó ṣe máa sọ fún mi. Mo gbọ́ ohùn ìyá mi bí mo ṣe ń gbọ́ ti nọ́ọ̀sì yìí, pé ó ń bọ̀? ó ti le? Kò sì sí ẹnì kan tó ń wò ó fún mi.

Bó bá le tán, tí wọ́n sì fà á, á já. Ìyẹn nìkan ló gbé ọwọ́ mi. Mo ṣí fìlà, mo yí ọrùn, mo wò ó.

Kò funfun. Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀mú kékeré kan di nǹkan dúdú mú, tó mú ṣóṣóró, tí kò gùn tó èékánná àtàǹpàkò mi. Ó jù ú sínú abọ́ irin, ó dún.

Ó ní, "Ẹ bá sòbìà yín sọ̀rọ̀."

Ẹ̀gún ọsàn ni. Mo rántí ọjọ́ tí mo ń gé ẹ̀ka ọsàn lóko, tí nǹkan gún mi lẹ́yìn ẹsẹ̀, tí mo fi ìbínú nu ún, tí mo sì ń bá iṣẹ́ lọ. Omi ojoojúmọ́ tí mo ń rẹ ẹsẹ̀ sí wá bá a dá àyè sílẹ̀ fún ọyún. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ìgbà yẹn ni mo tó wo ọmọ náà. Ó ti yíjú sí ara ògiri, ojú rẹ̀ dì pinpin, ètè rẹ̀ funfun. Ẹni tí orí ọkùnrin là sí mẹ́rin níwájú rẹ̀ nínú fíìmù, tó ń jẹ ẹ̀pà lọ. Kò rí nǹkankan nínú gbogbo iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yìí, láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó fi ohùn tín-ínrín béèrè pé, "Ó ti kọjá?"

Mo rántí gbogbo ìgbà tó ti tàn mí. Mo rí ọ̀nà láti gbẹ̀san, ó tẹ́jú, ó dùn ún rìn. Nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ ojú egbò náà ni, ọyún àti ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde, kò jọ sóbò rárá, ó sì ń run. Èmi ni mo ń wò ó. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, àmọ́ mo ń wò ó bí mo ṣe máa ń wo ti ìyá mi, láì yẹ ojú.

Mo ní, "Ó ku díẹ̀."

Nọ́ọ̀sì fọ̀ ọ́, ó ki aṣọ egbò bọ̀ ọ́, ó fi báńdéèjì wé e, ó so ó.

Mo ní, "Ó ti kọjá."

"Ẹ búra, bàbá kékeré."

"Mo búra."

Ọ̀kan nínú ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ là.